Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àpò Wo Ni Owó Ilé-Ìwé Ti Ń Jáde?

Lẹ́tà láti Ìkòròdú pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, owó ilé-ìwé ìjọba sì ni ọ̀pọ̀ wọn dá lé. A mú márùn-ún.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Atẹ́gùn ti ṣí páànù yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń lọ. Káńsù ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. A dé Education District ní Maryland, wọ́n ní ká padà sílé. Ọ̀dọ̀ ta ni ká lọ? (Ẹgbẹ́ òbí, Ìgbògbò)

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn ará Maryland kò purọ́. Education District II ló ni Ìkòròdú, Kóṣọ̀fẹ́ àti Ṣómólú, ṣùgbọ́n ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ló ń bójú tó. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ọ́fíìsì tó dúró fún SUBEB ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí lẹ́tà yín kọ́kọ́ balẹ̀ sí, lọ́dọ̀ Education Secretary, ẹni tí àwọn olùkọ́ ń pè ní E.S. Kí ọ̀gá ilé-ìwé bu ọwọ́ lù ú pẹ̀lú yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé ilé-ìwé kan ṣoṣo ń jẹun nínú àpò mẹ́ta. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wá láti inú ìpín ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí Àbújá ń pín lóṣooṣù. Wọ́n máa ń yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ káńsù. Ó nídìí. Lọ́dún 1991, wọ́n gbé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Owó oṣù àwọn olùkọ́ wọ gbèsè káàkiri, ìjọba sì yí i padà lọ́dún 1993. Ìdí nìyí tí ara àwọn olùkọ́ kò fi balẹ̀ nígbà tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí àpò àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn.

Kíkọ́ ilé àti títún un ṣe ní àpò tirẹ̀. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń tọ́jú owó náà. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ náà, kó sì fi ìwé ètò iṣẹ́ ránṣẹ́ kí UBEC fọwọ́ sí i. Bí ìpínlẹ̀ bá lọ́ra láti gbé tirẹ̀ sílẹ̀, owó á jókòó sí Àbújá, òjò á sì máa pa ọmọ. Ní Èkó, ìgbìmọ̀ àkànṣe tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 2019 fún àtúnṣe ilé-ìwé ìjọba tún ń kọ́ ilé, owó ìpínlẹ̀ ló sì ń ná.

Káńsù yín náà lè kan páànù tàbí ṣe àga láti inú ìṣúná tirẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni Òfin Orílẹ̀-èdè mọ̀ fún Èkó. Orúkọ Ìkòròdú kan ṣoṣo ni owó ń bá dé. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbògbò-Bàyékù, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀tà ti ń pín in. Ohun tó ń kan LCDA kọ̀ọ̀kan, ìyẹn káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, kò tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò.

Rédíò ka ọ̀kẹ́ àìmọye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, síbẹ̀ olùkọ́ ọmọ mi ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì. Níbo ni owó náà wọlé sí? (Ìyá Sẹ́kọ́ńdìrì, Àgríìkì)

Ìyá wa, ìwé ìṣúná kì í ṣe owó. Àṣẹ láti náwó ni, bí owó bá wọlé.

Bí ẹ bá ṣí ìwé náà, ẹ ó rí nọ́ńbà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21 jẹ́ owó oṣù. 23 ni iṣẹ́ àkànṣe: kíláàsì tuntun, ọgbà, kànga ẹ̀rọ. Owó ìlò ojoojúmọ́ wà lábẹ́ 22. Ṣọ́ọ̀kì, rẹ́jísítà àti ìwé wà ní 220203, àtúnṣe ilẹ̀kùn àti àga wà ní 220204. Owó ńlá tí rédíò ń kà, inú 21 àti 23 ló pọ̀ sí jù. Ọ̀gá ilé-ìwé kò lè mú owó kíláàsì tuntun ra ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìnáwó, àyàfi bí àwọn aláṣẹ bá fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣí i nípò.

Bí owó tó wọlé bá kéré sí ohun tí wọ́n retí, ìjọba kì í gé owó oṣù. 22 wà lára ohun tí ọ̀bẹ máa ń kọ́kọ́ bà, torí pé ẹnikẹ́ni kì í daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀kì. Àṣìṣe gidi la ka èyí sí. Owó tó kéré jù nínú ìwé náà ni ọmọ ń fojú rí lójoojúmọ́.

Kàlẹ́ńdà náà tún ń dá kún un. Ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ó ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà tí ilé-ìwé nílò rẹ́jísítà àti ṣọ́ọ̀kì jù ni owó ọdún ń tán lọ. Bí oṣù Kejìlá bá sì parí tí wọn kò tíì san owó iṣẹ́ kan, àṣẹ ìnáwó rẹ̀ ti kú, wọ́n ní láti tún un kọ sínú ìṣúná tuntun. Ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń rí tó dúró sí líńtẹ̀lì, ibẹ̀ ló ti há.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé ìròyìn ìnáwó jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wo ìlà District II: ohun tí wọ́n fọwọ́ sí wà lápá kan, ohun tí wọ́n ná gan-an wà lápá kejì. Èyí kejì ni kí ẹ máa bi wọ́n léèrè.

Ìgbà wo ló dára ká kọ̀wé béèrè kíláàsì tuntun, kí la sì máa kọ? (SBMC, ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé kan, Ìmọ̀tà)

Ẹ kọ ọ́ kó tó di òpin oṣù Karùn-ún. Láàárín ọdún ni ilé-iṣẹ́ ètò ọrọ̀-ajé àti ìṣúná ń pe àwọn ẹ̀ka ìjọba pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ ná lọ́dún tó ń bọ̀ wá. Gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ìṣúná síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí ọdún tuntun tó wọlé. Lẹ́tà tó bá dé ní oṣù Kọkànlá, ọdún kan gbáko ló máa fi dúró.

Ẹ má kọ “a ń jìyà”. Ẹ kọ iye. Ká ní ọmọ 312 wà nínú yàrá 6: ọmọ 52 ni yàrá kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní ọmọ 35 fún olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà yàrá 9 lẹ nílò, 3 ló kù. Bí ọmọ méjì bá ń jókòó lórí àga kan, àga 156 ló yẹ kẹ́ ní. Bí 98 bá dára, 58 ni ẹ ń béèrè. Ẹ so àwòrán mọ́ ọn, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù mọ́ iye ọmọ. Wọ́n á gbé e wò pẹ̀lú ìkànìyàn ilé-ìwé ọdọọdún, bí kò bá sì bára mu, fáìlì yín á lọ sí ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú owó àga wá. Ṣé dandan ni? (Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀dẹ̀)

Rárá, sà. Òfin UBE ọdún 2004 yẹn ka ìwé, ohun ìkọ́ni, yàrá, àga àti oúnjẹ mọ́ ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé JSS 3. Ẹni tó bá gba owó lọ́nà tó lòdì sí i lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ́ òbí lè dáwó tinútinú, kí rísíìtì sì wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ọmọ jáde nítorí rẹ̀.

Wọ́n ti kan páànù tuntun, ṣùgbọ́n ó ń mì bíi bébà. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ohun tí ìjọba sanwó fún nìyí? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Bàyékù)

Ẹ béèrè ìwé ìdíyelé iṣẹ́ náà, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè ní BOQ. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè.

Nínú rẹ̀ ni sisanra páànù wà. Bí wọ́n bá kọ 0.55 milimítà, ẹ wá ègé tó ṣẹ́kù nílẹ̀, kí oníṣẹ́ irin fi kálípà wọ̀n ọ́. Bí ó bá jẹ́ 0.45, ẹnìkan ti jẹ èrè ibẹ̀. Ẹ tún wo àyè tó wà láàárín igi abẹ́ páànù: bí ó bá fẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé, páànù tó nípọn pàápàá á mì.

Ẹ yára o, sà. Ìjọba sábà máa ń dá díẹ̀ nínú owó agbaṣẹ́ṣe dúró fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí irú àbùkù báyìí. Kí lẹ́tà yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tí kálípà fi hàn, dé SUBEB kí wọ́n tó san ìyókù owó náà.