Ẹ má tíì ra bàtà tuntun, orúnkún ọmọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bàbá Tóbi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ: pé ọmọ yín ọlọ́dún 12 ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Winnipeg, ní Kánádà níbí, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára gan-an, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ò yára tó bẹ́ẹ̀ ń fi í sílẹ̀. Ẹ ní kóòṣì sọ pé ìgbẹ́sẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò sì ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá fẹ́ ra bàtà onírin olówó gọbọi fún un bóyá ìyẹn á ràn án lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná owó yẹn. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ họ́kì ní Calgary níbí, nínú líìgì alẹ́ àwọn àgbàlagbà, ohun tó ń ṣe ọmọ yín yìí gan-an ló sì ṣe mí. Ó pẹ́ kó tó lọ, ìyà rẹ̀ sì jẹ mí dáadáa.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yára tó. Orúnkún rẹ̀ ni kò tẹ̀ tó.

Ẹni tó bá nàró ṣanṣan lórí yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nà tán kó tó bẹ̀rẹ̀, kò ní ibi tó tún fẹ́ nà dé. Bí orúnkún bá ṣe tẹ̀ tó kó tó ti yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni títì náà yóò ṣe gùn tó. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ ò bá tẹ̀ á máa fi ìgbẹ́sẹ̀ kéékèèké dí i: yìnyín á máa dún ṣá-ṣá-ṣá, èémí á máa tán, kò sì ní tíì kúrò lójú kan. Ohun tí mo fi yé ara mi ni àpótí ìdáná. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀: ìdí á lọ sẹ́yìn, á sì lọ sílẹ̀, àyà á ṣì gbé sókè, ojú á ṣì máa wo ìkòkò. Bí ó ṣe yẹ kí ọmọ yín wà lórí yìnyín nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló tẹ̀, tí àyà dorí kodò, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Kí ó wọ bàtà, kí ó di pátákó etí pápá mú, kí ó tẹ orúnkún, kí ó wá wolẹ̀. Tó bá ṣì ń rí ṣóńṣó bàtà rẹ̀ níwájú orúnkún, kó tún tẹ̀ sí i. Orúnkún gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàtà ti wọlé gan-an nìyí. Bàtà họ́kì tó wọ́n jù ló sábà máa ń le jù, nítorí àwọn tó wúwo, tó sì lágbára, ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ tí kò wúwo kò lè tẹ̀ ẹ́ síwájú. Tí ọrùn ẹsẹ̀ ò bá tẹ̀, orúnkún ò lè tẹ̀, ìbàdí ni yóò máa tẹ̀ dípò rẹ̀. Bàtà tèmi le bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń kọ́ wa ló ní kí n yọ okùn kúrò nínú ihò tó wà lókè pátápátá, kí n sì fún un pinpin láti àárín ẹsẹ̀ dé ibi tí ọrùn ẹsẹ̀ ti tẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ojúgun mi kọ́kọ́ ráyè sún síwájú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lára bàtà tó ní yìí ná. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn orúnkún, ẹ wo ibi tó ń ti ẹsẹ̀ sí. Àwa tí a fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dàgbà, sísáré ló wà lára wa, àwọn ọmọ wa sì ń wò wá kọ́ ọ. Ẹni tó ń sáré lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn ló ń ti ilẹ̀ sí. Yìnyín ò gba bẹ́ẹ̀, torí pé irin abẹ́ bàtà ń yọ̀ lọ síwájú àti sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ti lè di yìnyín mú. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni kó máa tì sí, pẹ̀lú etí inú irin náà, kí ẹsẹ̀ yà síta ní nǹkan bíi dìgírì 45 sẹ́yìn, títí orúnkún á fi nà tán, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ á fi ta yìnyín kẹ́yìn. Títa ìkẹyìn yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ kúrò kó tó dé ibẹ̀. Ìgbẹ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ láti ojú ìdúró nìkan ló jọ sísáré, gìgísẹ̀ á súnmọ́ra, ṣóńṣó bàtà méjèèjì á yà síta.

Ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń ṣe é láìbi kóòṣì léèrè. Nígbà tí Zamboni, ẹ̀rọ tó ń tún ojú yìnyín ṣe, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí pápá, tí yìnyín ṣì ń dán, ẹ ní kó lọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kó wá padà wo ojú ìlà tí irin rẹ̀ fà. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, lábẹ́ ara rẹ̀, kó sì tẹ̀ lọ síta gígùn. Tí ìlà ọ̀tún àti ti òsì bá jìnnà síra láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kúrú, a jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti tì tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í padà wá sábẹ́ ara. Kó máa dá gìgísẹ̀ padà wá bá èkejì ní gbogbo ìgbà, kí ẹsẹ̀ sì rọra súnmọ́ yìnyín bó ti ń bọ̀, kó má gbé e sókè. Ẹ fi etí sí i pẹ̀lú. Títì tó dára máa ń ya yìnyín gùn, ṣààààà.

Ẹsẹ̀ tó ń tì ni gbogbo ènìyàn ń wò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì ló ń gbé ènìyàn lọ, gbogbo ìwúwo ara gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yọ̀ láti ọ̀kan nínú ìlà búlúù méjì tó dábùú pápá dé ìkejì, pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, kó tó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan á máa yára sọ èkejì kalẹ̀ kó má baà ṣubú. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́sẹ̀ kúkúrú ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé yóò kọ́kọ́ lọ́ra. Èmi lọ́ra fún odindi sáà kan. Itan mi ń jó bí mo bá ti yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí mo máa ń kọjá tẹ́lẹ̀ wá ń kọjá mi, ó dùn mí púpọ̀. Abẹ́ itan mi tún fà nígbà tí títì mi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, n kò lè dé pápá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó máa ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì máa ya ẹsẹ̀ gbòòrò kó tó wọ yìnyín. Tí abẹ́ itan bá ń dùn ún, kó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Nílé, kó máa fi ẹsẹ̀ kan lóṣòó díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ní ti ọwọ́, àwọn kóòṣì ò fẹnu kò. Èmi fara mọ́ àwọn tó ní kí ọwọ́ máa lọ síwájú àti sẹ́yìn, kó má ré àyà kọjá, torí ọwọ́ tó bá ń ré àyà kọjá máa ń yí èjìká.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn Connor McDavid ti Edmonton Oilers, ẹni tó gba ìdíje ẹlẹ́sẹ̀ yíyára jù lọ ti NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lọ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ní 2017, 2018 àti 2019. Ẹ jọ wo fídíò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dín ìyára fídíò náà kù, kí ọmọ rí bí orúnkún rẹ̀ ṣe tẹ̀ tó, àti bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan ré èkejì kọjá láti kó eré jọ. Tí ẹ bá sì lágbára àtisan owó olùkọ́, ẹ má ṣe fojú fo àwọn tó ń kọ́ni ní ijó orí yìnyín. Barbara Underhill, tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nínú ijó eléèyàn méjì pẹ̀lú Paul Martini ní Ottawa ní 1984, ló wá kọ́ àwọn agbá-họ́kì NHL ní bí wọn ó ṣe máa lo ẹsẹ̀, títí kan ti ẹgbẹ́ Toronto Maple Leafs. Àwọn oníjó mọ etí irin ju ọ̀pọ̀ kóòṣì họ́kì lọ.

Ẹ tún bá mi yẹ irin bàtà náà wò. Ẹ gbé owó ẹyọ kan dábùú ojú irin rẹ̀, tó bá dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò pọ́n etí méjèèjì dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ á sì máa yọ̀ bó bá ti tì í. Ìdajì íǹṣì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń pọ́n kòtò àárín irin; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni kòtò náà ṣe ń jìn tó. Ọmọ tí kò wúwo lè fẹ́ èyí tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 3/8, kí irin lè di yìnyín mú. Tó bá fẹ́ kó máa yọ̀ lọ gùn sí i, 5/8 ni. Ẹ yí ọ̀kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó lò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó pinnu.

Tí ẹ bá ya fídíò rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti yà á, kí orúnkún hàn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. A ó jọ wò ó.