Ẹ̀yìn Kì Í Ṣe Ẹyin: Ìdáhùn Sáwọn Lẹ́tà Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nígbà tí mo ní kẹ́ ẹ kọ ohun tó ń yọ yín lẹ́nu ránṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ló máa gba gbogbo ojú ìwé mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ṣa àwọn lẹ́tà tó jọra pọ̀, mo gé àwọn kan kúrú, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ń rò pé òun nìkan ni, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò ẹ̀ pé ní 2020 àwọn tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn láyé tó mílíọ̀nù 619, torí náà ẹ pọ̀. Iṣẹ́ fisiò ni mò ń ṣe, àwa tá à ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ẹ̀yìn tèmi náà sì ti dì mí mú rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni mò ń sọ.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 41 ni mí. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí n mú ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ lásán o, kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì, ni nǹkan kan bá ṣàdédé fà mí ní ìbàdí, mi ò lè nàró mọ́. Àtọjọ́ náà ni mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ló ń gbé gbogbo nǹkan wá bá mi, àwọn ará ilé ní mi ò gbọ́dọ̀ mira kí egungun má lọ yẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti rọjú díẹ̀, àmọ́ tí mo bá ní kí n dìde, ṣe ló máa ń le gbagidi. Ṣé kí n lọ ya ẹ́ksíréè ni? Oògùn wo ni kí n lò?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin oníbọ̀sẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná, egungun ò yẹ̀. Egungun ẹ̀yìn kì í yẹ̀ torí ìbọ̀sẹ̀. Èyí tó ń mira nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa jẹ́ 24, méje ní ọrùn, 12 ní àyà, márùn-ún ní ìbàdí, iṣan tó so wọ́n mọ́ra sì yi gan-an, kì í ṣe ohun téèyàn máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan táá já. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kékeré kan níbẹ̀ á bínú, ó lè jẹ́ iṣan, ó lè jẹ́ oríkèé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà gan-an ò lè nawọ́ sí i pé òun rèé, àwọn iṣan tó yí i ká á wá há gádígádí kí ibẹ̀ má baà mira mọ́, híhá yẹn gan-an ló sọ yín di igi. Ìbọ̀sẹ̀ ò sì jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀, bóyá oorun ò tó, bóyá ẹ jókòó nínú mọ́tò fún wákàtí gbọọrọ, bóyá ọkàn yín ò balẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni ẹ̀yìn máa ń gbà sára. Ìbọ̀sẹ̀ kàn dé bá a ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà ni bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Mo mọ̀ pé nígbà kan àwọn dókítà fúnra wọn ló máa ń ní kéèyàn lọ dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ láti àwọn ọdún 1990 ni ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó ń ṣe ìwọ̀nba tí agbára ẹ̀ gbé, ló ń tètè gbádùn ju ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan, ó pẹ́ tán ọjọ́ méjì, ó ti tó. Tó bá kọjá ìyẹn, oríkèé á le, agbára á máa tán nínú iṣan, ẹ̀rù á sì ti wọ ara débi pé kẹ́ ẹ tó mira rárá ni ara ti ń pariwo.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ má ta gìrì dìde bí ẹni tí wọ́n pariwo jí. Ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lódindi, kí èjìká àti ìdí jọ yí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi, ẹ wá jẹ́ kí ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ ti ara yín dìde jókòó. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ má dá èémí dúró, torí ẹni tó bá dá èémí dúró ló ń há ara ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ padà. Lẹ́yìn wákàtí kan ẹ tún un ṣe. Lọ́la ẹ dé ìta. Á ṣì máa dùn yín díẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ tí ìrora yẹn ò bá ju kí ojú ro díẹ̀ lọ, tó sì rọlẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Nígbà tí tèmi dì, mo mọ gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí lórí, síbẹ̀ ọjọ́ méjì ni mo fi ń rìn bí ẹni tó ru agbọ̀n ẹyin, ẹ̀rù ò mọ fisiò.

Ti oògùn, èyí tó máa ya yín lẹ́nu ni pé paracetamol tí gbogbo ayé ń gbé mì, wọ́n dán an wò ní Ọsirélíà lórí àwọn tó lé ní 1,600 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, èsì ẹ̀ jáde ní 2014, kò jẹ́ kí wọ́n tètè gbádùn ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ibuprofen àtàwọn ìbátan ẹ̀ bíi diclofenac máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí, ọjọ́ mélòó kan péré, kẹ́ ẹ ti jẹun, àmọ́ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, tàbí tó wà nínú oyún, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Omi gbígbóná nínú rọ́bà, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ìyẹn náà ń rọ iṣan lójú. Ẹ́ksíréè? Kì í ṣe nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó dì báyìí ló máa ń rọjú gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ́ksíréè ò sì ní fi iṣan tó bínú hàn yín. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ yín wò dáadáa.

"Ẹ ǹlẹ́ ma. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí, á lọ, á bọ̀. Mo lọ ya MRI, àwòrán tó ń fi inú ara hàn, wọ́n kọ ọ́ síwèé pé dísìkì mi méjì ti yọ síta díẹ̀, pé ó tún ti ń gbó. Ẹni ọdún 35 péré ni mí! Látìgbà tí mo ti ka ìwé yẹn mi ò gbé ọmọ mi mọ́, ọmọ ọdún méjì ni, tó bá nawọ́ sí mi màá kàn máa wojú ẹ̀ ni. Ṣé iṣẹ́ abẹ ló kàn?"

Ìwé yẹn ṣe yín léṣe ju dísìkì lọ, màmá. Dísìkì ni tìmùtìmù tó wà láàárín egungun kan sí ìkejì, ó ń mu omi bíi kànrìnkàn. Lóru tá a bá sùn á mu omi, á wú, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀ ju alẹ́ lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ìdí nìyẹn náà tí ẹ̀yìn fi ń le láàárọ̀ kùtù, tí bíbẹ̀rẹ̀ sí nǹkan nílẹ̀ nígbà yẹn fi máa ń ni ẹ̀yìn lára. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni omi yẹn ń dínkù. Ní 2015 àwọn olùwádìí kó àbájáde àwòrán ẹ̀yìn àwọn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí kò sí ibi tó ń dùn wọ́n o, wọ́n rí i pé nínú àwọn ẹni 20 ọdún, 30 nínú 100 ni dísìkì wọn ti yọ díẹ̀, nígbà tó fi máa di 80 ọdún ó ti di 84 nínú 100. Ẹ tún un kà: nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Dísìkì tó ń gbó dà bí ewú, ẹ kì í gbọ́ kí wọ́n ní kẹ́nì kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ torí ewú.

Ìgbà tí mo máa fi eré sílẹ̀ ni tí ìrora bá gba ìdí sọ̀kalẹ̀ kọjá orúnkún, tó ń jó bí iná, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ṣe yín bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan ń fún iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀. Èyí náà, ọ̀pọ̀ ló ń lọ láàárín oṣù mẹ́ta láìsí ọ̀bẹ. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ sí i, tàbí tí ìrora ò rọjú lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú, àwọn ni iṣẹ́ abẹ wà fún. Ẹ ò dárúkọ ẹsẹ̀ rárá nínú lẹ́tà yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ yín. Ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ẹ jẹ́ kó wá dì mọ́ yín, ẹ fà á mọ́ àyà kí ara kan ara, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ dìde. Ọ̀nà tí ẹ̀yìn ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ na apá jìnnà kẹ́ ẹ wá fà á sókè láti inú ibùsùn ẹ̀, kẹ́ ẹ tún máa lọ́ ara lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ẹrù bá ṣe jìnnà sára tó ló ṣe máa wúwo tó lójú ẹ̀yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un.

Lẹ́tà kan wà tí mi ò lè dá dúró dìgbà tí ìwé máa jáde. Ẹni náà ní láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀yìn tó ń dun òun tẹ́lẹ̀ le sí i, abẹ́ òun níbi téèyàn fi ń jókòó kú, kò mọ nǹkan lára mọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n òun àmọ́ kò jáde. Mo ti fèsì lójú ẹsẹ̀, ọsibítù ni, lóru náà, kì í ṣe lọ́la. Ìdìpọ̀ iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló há, tí wọn ò bá tètè tú u sílẹ̀ ó lè di ti títí láé. Tó bá ṣe ẹ̀yin náà báyìí, ẹ má ka ìwé mi, ẹ lọ. Ẹ má sì jókòó sílé tí ẹ̀yìn bá ń dùn tí ibà wà níbẹ̀, tí ara ń fọn láìnídìí, tí ìrora ń jí yín lóru tí kò sí bẹ́ ẹ ṣe dùbúlẹ̀ tó rọjú, tẹ́ ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí tó jẹ́ pé ìṣubú ńlá tàbí jàǹbá ọkọ̀ ló fà á.

"Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀yìn tó bá ti ń dùn, kíndìnrín ni. Òótọ́ ni?"

Rárá o. Ti kíndìnrín máa ń wà lókè díẹ̀, lábẹ́ ìhà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì bìkítà bóyá ẹ bẹ̀rẹ̀ tàbí ẹ nàró. Ó sábà máa ń mú ibà, èébì, ìtọ̀ tó ń ta tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ dání. Tí ẹ̀yìn yín bá ń dùn sí i tẹ́ ẹ bá yí, tó ń rọjú tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ìjókòó, iṣan àti oríkèé ni kẹ́ ẹ fura sí.

"Àǹtí mi, kọ̀ǹpútà ni mò ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá fi máa di aago mẹ́rin ẹ̀yìn mi á ti kú. Àga wo ni kí n rà?"

Àbúrò, mi ò ní jẹ́ kó o náwó. Kò sí àga tó dáa tó kéèyàn jókòó sórí ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Àwọn kan ti fi ẹ̀rù bà ẹ́ pé o gbọ́dọ̀ jókòó ṣánṣán bí ère, àmọ́ ara ò fẹ́ràn ère, ìjókòó tó dáa jù ni èyí tó o máa bọ́ sí tẹ̀lé èyí tó o wà. Fẹ̀yìn ti àga, sún síwájú, nà ẹsẹ̀, fi tówẹ̀lì ká sí kòtò ìbàdí fún ìgbà díẹ̀, yọ ọ́. Gbé ojú kọ̀ǹpútà sókè tó o fi máa wò ó láìtẹ ọrùn ba. Fi fóònù rẹ sí ibi tọ́wọ́ ò tó, kó lè jẹ́ pé tó bá dún wàá dìde lọ gbé e. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dìde, fọwọ́ sí ìbàdí, tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó tán.

Àwọn tó béèrè nípa bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí: kò sí ẹ̀rí pé ó ń dènà ẹ̀yìn dídùn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dè é fún ọjọ́ kan torí iṣẹ́ tó le, kò burú, ẹ ṣáà má sọ ọ́ di awọ ara. Àwọn tó ń sùn sórí ilẹ̀ gbalasa torí wọ́n ní ó dáa fẹ́yìn, ẹ dìde níbẹ̀. Wọ́n dán fóòmù wò lórí àwọn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn ní Sípéènì, èsì ẹ̀ jáde ní 2003, àwọn tí wọ́n fún ní èyí tó wà láàárín líle àti rírọ̀ ló gbádùn ju àwọn tí wọ́n fún ní èyí tó le lọ. Ẹ fi pílò sáàárín orúnkún tẹ́ ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹni ọdún 68 ni mí. Ẹ̀yìn dùn mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá, dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí nǹkan bàbàrà. Látìgbà náà àwọn ọmọ mi ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọn ò jẹ́ kí n gbé kẹ́tùlù, orí àga ni mo wà láti òwúrọ̀. Kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní padà wá?"

Bàbá, ẹ kú ìnira àwọn ọmọ. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ìfẹ́ yẹn ń gba agbára yín díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rìn. Ní 2024 ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà, 701 èèyàn tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san, wọ́n ní kí ìdajì máa rìn, fisiò ń tọ́ wọn sọ́nà, wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Àwọn tí kò rìn, nǹkan bí ọjọ́ 112 ni ìdajì wọn ti rí i tó padà, àwọn tó rìn, ó di ọjọ́ 208. Ìrìn lásán o, bàtà nìkan ló ná wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ fi mẹ́ta kún un. Kẹ́ ẹ sì máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kẹ́ ẹ jókòó padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, lójoojúmọ́, tó bá le jù ẹ fi pílò sórí àga kó ga díẹ̀.

Ìgbálẹ̀ yẹn, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá bínú, ẹ ní èmi ni.