Ìbéèrè Òǹkàwé: Agbẹjọ́rò Tó Di Ayàwòrán

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi tó ń ka ìmọ̀ òfin ní iṣẹ́ ọnà bíi ti Laolu Senbanjo ni òun fẹ́ ṣe. Ta ni ọkùnrin náà, báwo sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí? — Ìyá kan, Kàbbà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ọmọ bíbí Ìlọrin ni Senbanjo, amòfin sì ni òun náà; iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí ó tó kó lọ sí New York ní 2013, níbi tí ó ti gbájú mọ́ ọnà. Dúdú àti funfun ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: ìlà tín-tìn-tín tí ó fi yíǹkì tàbí èédú fà, tí wọ́n ń lọ́ mọ́ra títí wọn yóò fi bo gbogbo ojú iṣẹ́, tí ojú ènìyàn àti àmì àṣà Yorùbá yóò sì máa yọ láàárín wọn. Kì í ya á sí bébà nìkan. Ó ń ya á sí bàtà, ògiri, àti awọ ara pàápàá. Ti ara ènìyàn yìí, tí mo gbà pé ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà tí ó kun àwọn oníjó inú fídíò Beyoncé ní 2016. Iléeṣẹ́ bàtà Nike náà bá a ṣiṣẹ́ (kì í ṣe Olóyè Nike Davies-Okundaye tiwa, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, o). Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú un lọ sí ibùdó ọnà Olóyè náà ní Ògìdì-Ìjùmú nígbà ìsinmi.