Ṣé kí n fo ìtàn ìjà ẹ̀sìn ní kíláàsì mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀ffà ni mo ti ń kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí mo dé orí inúnibíni ẹ̀sìn, àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń nàka síra wọn: "Ẹ̀yin lẹ pa wá." Ọmọ oníṣẹ̀ṣe kan ṣoṣo tó wà láàrin wọn dorí kodò. Ṣé kí n fò ó ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fò ó, tíṣà. Ohun tí ẹ bá fò, ìta ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹni tí inú ń bí.

Nígbà tí mo ń kọ́ni n'Ìlọrin, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pín pátákó sí méjì: "Àwọn tó sá" àti "Àwọn tó lé wọn". Mùsùlùmí ni mo ń kọ́kọ́ kọ sí apá àwọn tó sá. Ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà Mẹ́kà pọ̀ fún wọn, Ábísíníà, Etiópíà òde òní, ni wọ́n forí lé. Ọba Kìrìsìtẹ́nì tí àwọn àáfà ń pè ní Nàjáṣì ló gbà wọ́n. Àwọn Kùrééṣì, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, kó ẹ̀bùn wá pé kó dá wọn padà, ó kọ̀. Ẹ pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, kí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jọ rò ó lẹ́nu ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń kọ Mùsùlùmí sí apá kejì: àwọn Almohad, ìjọba Mùsùlùmí láti Mòrókò, tó gba Cordoba ní Spéìnì ní 1148, tí Júù àti Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ fi di ẹni tó ń sá. Kìrìsìtẹ́nì náà wà lápá méjèèjì: Róòmù pa wọ́n ṣáájú 313, àwọn náà sì lé Júù kúrò ní Spéìnì ní 1492. Ẹ má gbàgbé ọmọ oníṣẹ̀ṣe yẹn. Ní 2023, Ìlọrin wa níbí ni ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ti halẹ̀ títí ọdún ìṣẹ̀ṣe kan ò fi wáyé. Ó dùn mí. Kó tún gbọ́ nípa Ìfọ́le Abẹ́òkúta, 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá, tí oníṣẹ̀ṣe pọ̀ nínú wọn, fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nárì.

Ọmọkùnrin kan ní kí n jọ̀ọ́ pa ẹ̀sìn òun rẹ́ lápá kejì. Mo fún un ní dọ́sítà, mo ní tó bá pa á rẹ́, kó pa ti apá kìíní náà rẹ́. Ó dá dọ́sítà padà fún mi.

Ọ̀rọ̀ Afọ̀njá, Kakaǹfò (olórí ogun) Ọ̀yọ́ tó wà n'Ìlọrin, àti Ṣéù Àlímì, àáfà Fúlàní tó pè wá, ìkẹyìn ni kí ẹ fi í sí, torí orúkọ ilé àwọn ọmọ mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: kí ló dé tí Kakaǹfò tí kì í ṣe Mùsùlùmí fi ránṣẹ́ pe àáfà? Wọ́n á rí i fúnra wọn pé ìjà òun àti Ọ̀yọ́ lórí agbára ló gbé e débẹ̀. Bí òbí bá bínú wá, ẹ gbé ìwé ọmọ rẹ̀ fún un, kó kà á tán kó tó sọ̀rọ̀.