Ṣé òfin lè dáàbò bo orúkọ òfì Ìṣẹ́yìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Ahunṣọ ni wá ní Ìṣẹ́yìn, a sì ní ẹgbẹ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ hun lókè òkun ti kún ọjà, àwọn tó ń tà á sì ń pè é ní òfì Ìṣẹ́yìn. Ǹjẹ́ òfin lè dá wọn lẹ́kun?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òfì o. Ó lè dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹ̀yin náà.

Nàìjíríà kò tíì ní òfin tó dá dúró fún ọjà tí a fi orúkọ ìlú mọ̀, irú èyí tí Íńdíà ṣe ní 1999, tí wọ́n fi dáàbò bo tíì Darjeeling. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni abala 43 nínú Trade Marks Act, ìyẹn òfin àmì ọjà. Ó fàyè gba àmì ìjẹ́rìí, ìyẹn àmì tó ń sọ pé ibi báyìí ni ọjà ti wá àti pé báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹni tó bá ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè ni àmì yìí. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń ra òfì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti tún un tà, wọn kò ní fún yín. Ẹ dá ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju àyẹ̀wò àti ìjẹ́rìí lọ.

Ìwé ìlànà ló kàn, òun ló sì máa gbà yín lákòókò jù. Kí gan-an lẹ ń pè ní òfì Ìṣẹ́yìn? Ẹ má kọ ọ́ pé òwú ilẹ̀ wa nìkan lẹ máa lò. Òwú ilé iṣẹ́ ló kún ọwọ́ ahunṣọ lónìí. Bí ẹ bá kọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ti ara yín mọ́ta. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ dì mú: pé ènìyàn ló fọwọ́ hun ún, nínú Ìṣẹ́yìn, bí ìrépé kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí wọ́n tó rán wọn pọ̀, pé aró ẹtù kò gbọdọ̀ ṣí kíákíá bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ẹ kọ ìlànà sányán lọ́tọ̀, torí ẹni tó bá sanwó sányán, sányán gidi ló yẹ kó gbà.

Ẹ má sì du “aṣọ òkè” lásán. Wọ́n ń hun ún ní Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ náà.

Kí àmì tó jáde, òfin mìíràn, Merchandise Marks Act, ti ka irọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ra ayédèrú náà, ẹ gba rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò àkọlé ara rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rẹ̀.

Nàìjíríà nìkan ni àmì yìí ti lágbára. Àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin, forúkọ tiwọn sílẹ̀ ní 2021 lọ́dọ̀ OAPI, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Faransé, jọ ní fún irú ìforúkọsílẹ̀ yìí, ìwé kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 17. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, ó sì ń dùn mí. Bí ẹ bá ní oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa ní láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́tọ̀.