Èsì: "Everybody is" ló tọ̀nà

Ẹ káàsán, mà. Ẹ ní ọmọ yín kọ "Everybody are going to Olumo Rock", tíṣà rẹ̀ sì fi bírò pupa fa igi lé e, bẹ́ẹ̀ gbogbo kíláàsì ló ń lọ. Tíṣà náà ò ṣì í, mà. "Everybody is going" ló yẹ kó kọ.

"Everybody", "somebody", "anybody" àti "nobody" ń gba ọ̀rọ̀-ìṣe ẹnì kan ṣoṣo, kódà kí èrò rẹpẹtẹ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà, ẹnì kan ì báà lọ, igba èèyàn ì báà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń da àwọn ọmọ wa láàmú.

Èyí tó ń mú àgbà pàápàá ni "each". "Each of the women sells adire at Itoku": ojú ọmọ á lọ sára "women", á wá kọ "sell". Ẹ ní kó fi ọwọ́ bo "of the women", kó ka ìyókù sókè: "Each sells adire." Etí rẹ̀ á gbé e.

"Both", "few" àti "many" ń gba ti ọ̀pọ̀, ìyẹn ò le. Àmọ́ "some", "all" àti "most" ń wo ohun tó tẹ̀lé "of": "Some of the garri is wet", ṣùgbọ́n "Some of the traders are here". A kì í ka gàrí lẹ́yọ lẹ́yọ, a máa ń ka ọlọ́jà.

Tó bá sì kọ "I didn't see nobody", ẹ ní kó fi "anybody" rọ́pò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ò gba ìyísódì (ọ̀rọ̀ "kò" tàbí "kì í") méjì, bíi "didn't" àti "nobody", nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.