Èsì: Àdán ńlá ilẹ̀ Philippines

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni àwòrán àdán tó ga tó ènìyàn tí wọ́n ń pín kiri yẹn. Àdán náà wà, àmọ́ kò ga tó ènìyàn rárá. Tó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó lè tó mítà 1.5 sí 1.7, ṣùgbọ́n kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 1.4 lọ. Acerodon jubatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Irun orí rẹ̀ pọ́n bíi wúrà.

Philippines nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Orí igi gíga inú igbó ló ń dorí kodò sí lọ́sàn-án. Tílẹ̀ bá ṣú, á jáde lọ wá èso, pàápàá ọ̀pọ̀tọ́ igbó. Ibi tó bá yàgbẹ́ sí ni hóró èso ti ń hù; ẹ ò rí i pé òun gan-an ló ń gbin igbó náà!

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń gé igbó ọ̀hún, wọ́n sì tún ń yìnbọn pa á jẹ. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Òfin ọdún 2001 lórílẹ̀-èdè náà ka pípa á léèwọ̀, síbẹ̀ àwọn ọdẹ kò dáwọ́ dúró. Ní Subic, níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó, ẹ ṣì lè rí wọn.